ÀLEJÒ TÍ KÒ JÁBỌ̀: Bí Onílé Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Kù Nínú Ìrántí Kọ̀ǹpútà Àlejò

  

Nínú abala ẹ̀kọ́ ìwé ìròyìn wa yìí, oríkì, àṣà ìgbéyàwó àti ìtàn ìlú ni a sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, a tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìmọ̀ ṣe fáàrí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa mẹ́rin kan ní sáà tó kọjá ló mú wa gbé kálámù. Ó dun ọ̀kan nínú wa gan-an, ó sì kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. Bí àpilẹ̀kọ yìí bá lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ irú rẹ̀, a ti rí èrè wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fojú fo àṣìṣe èdè. Ìlú Onitsha ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, létí Odò Ọya. Yorùbá ni à ń sọ nínú ilé, Ìgbò ni à ń sọ bí a bá ti jáde sí ìta. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ọgbà yìí, ẹ̀yin náà ni ẹ ń fi wá rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá pe ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko bí ẹni tó ń pe ọkọ ìyàwó. A kò bínú. A ó padà síbi ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọkọ́ yìí níwájú, nítorí pé ó wúlò fún ẹ̀kọ́ wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Àwa mẹ́rin tí à ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá dá owó jọ, a ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan. Ìrántí rẹ̀, ìyẹn RAM, jẹ́ gígábáìtì 16. A gbé Linux sí i, a sì fi KVM dá kọ̀ǹpútà mẹ́rin sínú kọ̀ǹpútà kan yìí, kí oníkálùkù lè ní tirẹ̀. A fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gígábáìtì 4. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò ti rí i pé mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin ti jẹ́ 16 tán, kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀ kò sì tíì jẹun. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rò ni pé kò sí bí gbogbo wa ṣe máa yó lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìgbín. A wo ojú rẹ̀ láti ìta. Kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú rẹ̀ ló gbá gígábáìtì 4 tirẹ̀ mú, kò sí èyí tó dín. Mẹ́ta nínú wa ló wà nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. A gbìmọ̀ pé kí a pa ọ̀kan kí àwọn yòókù lè mí. Èyí tí olówó rẹ̀ kò sí nítòsí ni a pa. A rò pé kò lò ó.

Ó ń lò ó. Ó ti fi í sílẹ̀ láti òru méjì sẹ́yìn kí ó máa ṣe ìṣirò kan lọ, àbájáde rẹ̀ kò sì tíì wọ inú dísìkì. Gbogbo rẹ̀ ló bá omi lọ. Nígbà tí a wá yẹ tiwa wò, fáìlì àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun, ó sì pẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀. Ó ti dárí jì wá. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí a bá kí i, á ní, "Ẹ̀yin onílé, àlejò wo lẹ tún fẹ́ pa lónìí?"

Ta ni onílé, ta ni àlejò?

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kí a tó tẹ̀síwájú. Ohun tí wọ́n ń pè ní virtual machine ni kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Kò ní ara tirẹ̀. Ẹ̀ka kan lára kọ̀ǹpútà gidi ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀, odindi kọ̀ǹpútà ni. Ó ní kernel tirẹ̀ tó ń ṣàkóso rẹ̀, ó ní ìrántí tó gbà pé tòun nìkan ni, ó sì ní dísìkì. A ó máa pe kọ̀ǹpútà gidi ní onílé, a ó sì máa pe èyí tó wà nínú rẹ̀ ní àlejò. Àwọn òyìnbó náà lo irú orúkọ kan náà.

Àwọn àgbà ní ojú àlejò tóbi ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú iṣẹ́ yìí, òdìkejì ọ̀rọ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀. Onílé ni ojú rẹ̀ tóbi tí kò fi ríran. Òun ló nilé, òun ló pín yàrá, síbẹ̀ kò mọ ohun tí àlejò ń fi yàrá náà ṣe. Láti mọ ìdí rẹ̀, ẹ bá wa ká lọ sí ọjà.

Ilé ìkẹ́rùsí ní Main Market

Ẹni tó bá gba orí afárá Niger láti Asaba wọ Onitsha, kò ní pẹ́ dé Main Market. Ọdún 1956 ni wọ́n ṣí ọjà ìgbàlódé náà. Ogun abẹ́lé tó jà láti 1967 sí 1970 bà á jẹ́, wọ́n sì tún un kọ́ lẹ́yìn ogun. Ìyá wa ń ta aṣọ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á kò ju ibi tí ènìyàn lè na ọwọ́ méjèèjì sí lọ. Nítorí náà, bíi ti ọ̀pọ̀ oníṣòwò, ó gba àyè sí ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí ọjà, níbi tí ó ń kó ìdì aṣọ sí.

Bàbá kan ló ni ilé ìkẹ́rùsí náà. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni, pákó ni wọ́n fi pín in sí yàrá, oníkálùkù ló sì ní àgádágodo tirẹ̀. Bàbá náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọjà wọn máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àyè tó ṣèlérí ju àyè tó ní lọ. Bí ọjà ẹnìkan bá dé, á sún pákó díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí tirẹ̀ ti tà.

Oṣù Kejìlá ni wàhálà máa ń dé, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń kó ọjà Kérésìmesì. Lọ́dún kan, bàbá náà rìn yíká, ó ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Ó rí i pé páálí kún ti ìyá wa dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní ìyá wa kò lè fi ohunkóhun sílẹ̀. Ó wo ti aládùúgbò wa, ó rí àlàfo lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sún pákó ọkùnrin náà wọlé. Bẹ́ẹ̀, páálí òfìfo àti aṣọ tí ìyá wa tọ́jú bóyá oníbàárà yóò béèrè ló wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ìdì aṣọ gidi ló kún ẹ̀yìn yàrá ti aládùúgbò wa. Ìdì tí kò ráyè mọ́ sùn sí ìta lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá yìí ti yí ìwà padà. Ó ra ìwé kékeré kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní nwa boyi, á kọ iye àyè tó ṣófo pátápátá, iye èyí tí wọ́n lè tètè kó kúrò, àti bóyá wọ́n ti ń kó ọjà pamọ́ sí ibòmíràn nítorí àìráyè. Bàbá kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Ìròyìn ló ń gbà.

Ìdí tí onílé kò fi mọ

Ẹ jẹ́ ká padà sínú kọ̀ǹpútà. Ojú-ewé ojú-ewé ni wọ́n ń pín ìrántí, ojú-ewé kan sì sábà máa ń jẹ́ kílóbáìtì 4. Nígbà tí àlejò bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ojú-ewé kan, onílé á fún un ní ojú-ewé gidi kan. Onílé ṣàkíyèsí ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá lo ojú-ewé náà tán, inú ìwé tirẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sí pé ó ti ṣófo. Kò sọ fún onílé. Lójú onílé, ojú-ewé tí ó fún un kò padà mọ́.

Ohun kejì tún wà. Linux kì í fẹ́ kí ìrántí jókòó lásán. Bí ó bá ka fáìlì kan láti dísìkì, á fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìrántí bóyá wọn yóò tún béèrè rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní cache. Ó dà bí aṣọ tí ìyá wa tọ́jú sẹ́nu ọ̀nà. Bí àyè bá há, wọ́n lè kó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kúrò láìsí àdánù, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà nínú dísìkì.

Pa méjèèjì pọ̀. Àlejò tó ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan yóò ti fọwọ́ kan gbogbo ojú-ewé rẹ̀ tán. Láti ìta, àlejò tí ebi ń pa àti àlejò tó ń fi cache ṣeré, ọgbọọgba ni wọ́n rí. Ohun tó tàn wá lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni a wò.

Yíyọjú àti bíbéèrè

Ọ̀nà méjì ni onílé lè gbà mọ. Ó lè yọjú, ó sì lè béèrè.

Ní ọdún 2002, Carl Waldspurger ti ilé-iṣẹ́ VMware kọ ìwé ìwádìí kan lórí bí ESX Server ṣe ń ṣàkóso ìrántí. Ó ṣàlàyé ọ̀nà yíyọjú níbẹ̀. Onílé á ṣa ojú-ewé díẹ̀ lára ti àlejò láìwo ojú, ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, á sì ṣọ́ iye tí àlejò fọwọ́ kàn nínú wọn. Láti ara ìyẹn, á fojú bu iye ìrántí tí àlejò ń lò ní tòótọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àlejò kò ní láti sọ ohunkóhun, kò sì lè parọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ìfojúbù ni. Ó lè sọ pé wọ́n fọwọ́ kan ojú-ewé, kò lè sọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ìwé kan náà ló ṣàlàyé balloon. Ẹ rántí rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí níbi ọjọ́ ìbí. Onílé máa ń ní aṣojú kékeré kan nínú àlejò. Bí onílé bá fẹ́ gba ìrántí padà, á ní kí aṣojú yìí fẹ́ balloon rẹ̀. Aṣojú á tọrọ ojú-ewé lọ́wọ́ kernel àlejò bí iṣẹ́ èyíkéyìí yòókù, á jókòó lé wọn, á sì sọ nọ́ńbà wọn fún onílé. Onílé á kó ojú-ewé gidi tó wà lẹ́yìn wọn lọ fún ẹlòmíràn. Bí àyè bá tún wà, balloon á fọn, àlejò á sì gba tirẹ̀ padà. Ẹwà rẹ̀ ni pé àlejò fúnra rẹ̀ ló yan ohun tí yóò fi sílẹ̀. Ó mọ èyí tó jẹ́ páálí òfìfo.

Ṣùgbọ́n báwo ni onílé ṣe máa mọ ìwọ̀n tí yóò fẹ́ balloon dé? Bí ó bá fẹ́ ẹ jù, ebi á pa àlejò, kernel rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí ìjábọ̀ ti wúlò nìyí.

Bí àlejò ṣe ń jábọ̀

KVM wọ inú Linux ní ọdún 2007. Ní ọdún 2008, balloon tirẹ̀ dé lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń pè ní virtio, tí Rusty Russell pilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Adam Litke kọ apá tó jẹ́ kí balloon yìí máa jábọ̀, èyí tó wọ Linux ní ọdún 2010.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn. Ìwé kékeré kan ni ẹ jẹ́ ká pè é. Bí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á kọ òǹkà rẹ̀ sínú ìwé náà, á sì fi í lé onílé lọ́wọ́. Onílé á mú un dání. Ọjọ́ tí onílé bá fẹ́ ìròyìn tuntun, á dá ìwé náà padà. Ìdápadà yẹn gan-an ni ìbéèrè. Àlejò á kọ òǹkà tuntun sínú rẹ̀, á sì tún fi í ránṣẹ́. Ìwé kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní àmì tó ń sọ irú òǹkà tó jẹ́, àti iye rẹ̀. Bí àlejò bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kò mọ òǹkà kan, á fo ìlà náà, kò sì ní da nǹkan rú.

Ó yẹ kí a sọ ti ìkọsẹ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. QEMU ni ètò tó ń gbé àlejò ró lórí KVM. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni tó ń ṣàkóso bá béèrè ọ̀rọ̀ balloon, QEMU á dúró de èsì àlejò. Bí àlejò bá ti kú sára ńkọ́? Onílé á dúró síbẹ̀, kò ní lè ṣe ohun mìíràn. Ní ọdún 2010 kan náà ni wọ́n pa ìjábọ̀ náà tì nínú QEMU nítorí èyí. Nígbà tó di 2013, wọ́n dá a padà lọ́nà mìíràn. Onílé kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó ń rán ìwé náà lọ ní àsìkò tí ó ti dá, á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, á sì kọ àkókò tí èsì kẹ́yìn dé. Ẹni tó bá béèrè, èsì tó wà nílẹ̀ ni yóò rí. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Àgbàlagbà kì í fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé àlejò kò dáhùn.

Kíka ìròyìn náà

Àṣẹ tí a ń lò lórí kọ̀ǹpútà wa nìyí, bí ẹ bá pe àlejò yín ní ise1:

virsh dommemstat ise1 --period 10 --live

Èyí sọ fún onílé pé kí ó máa béèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ virsh dommemstat ise1 nìkan, ìròyìn á jáde. Kílóbáìtì ni ó fi ń ka ìrántí. Àwọn tó ṣe pàtàkì nìwọ̀nyí:

actual: iye ìrántí tí balloon fi sílẹ̀ fún àlejò.
rss: iye tí onílé fojú ara rẹ̀ rí láti ìta. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn.
unused: èyí tó ṣófo pátápátá nínú àlejò.
usable: èyí tí àlejò lè fún iṣẹ́ tuntun láìjìyà, ìyẹn èyí tó ṣófo pẹ̀lú cache tó ṣe é kó kúrò.
available: gbogbo ìrántí tí àlejò rí pé òun ní.
swap_in àti swap_out: iye tí àlejò ti kó láti dísìkì wọlé àti èyí tó ti kó jáde sí dísìkì nítorí àìráyè.
major_fault: iye ìgbà tí iṣẹ́ ní láti dúró de dísìkì kí ó tó rí ohun tó ń wá.
last_update: àkókò tí àlejò jábọ̀ kẹ́yìn, tí wọ́n kà ní ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọkọ́ ti wọlé. Bí ẹ bá wọ inú àlejò, tí ẹ tẹ àṣẹ free, ẹ ó rí available níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n available ti inú àlejò ni virsh ń pè ní usable. Available ti virsh ni gbogbo ìrántí àlejò lápapọ̀. Lẹ́tà kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀, kò sì sí àmì ohùn tó máa là wọ́n. Ẹni tó bá ka available virsh bí ẹni pé àyè tó kù ni, á rò pé àlejò tí ebi ń pa ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, ní mẹ́gábáìtì. Ká ní àlejò méjì wà, A àti B. Rss àwọn méjèèjì jẹ́ 4000. Available wọn jẹ́ 3900. Unused wọn jẹ́ 150. Títí di ibí yìí, ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n usable A jẹ́ 3000, ti B sì jẹ́ 180. Swap_out A jẹ́ òdo. Ti B ń gòkè ní gbogbo ìgbà tí a bá wò ó. A ni kí a fẹ́ balloon sí. B ni kí a fi sílẹ̀, bí ó bá ṣe é ṣe, kí a fi kún tirẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ń sọ yìí, B ni a pa.

Ẹ ṣàkíyèsí pé swap_in, swap_out àti major_fault kì í padà sẹ́yìn. Láti ìgbà tí àlejò ti jí ni wọ́n ti ń ka. Òǹkà ńlá lè jẹ́ ti ìyà ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí.

Ẹ̀rí ẹni tọ́rọ̀ kàn

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù: ṣé ó yẹ kí onílé gba àlejò gbọ́? Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ bàtà náà ló lè sọ pé ó ń ta òun nígbà tí kò ta á. Kernel àlejò ló ń kọ òǹkà yìí. Bí ẹni tó ni àlejò náà bá yí kernel rẹ̀ padà, ó lè kọ ohun tó wù ú. Láàárín àwa mẹ́rin tí a jọ ń jẹun, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà háyà fún àjèjì kò gbọdọ̀ fi ìròyìn yìí nìkan ṣe ìdájọ́. Ó ní láti fi rss àti ohun mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ rí wé e.

Ẹ̀gbẹ́ kejì tún wà. Oníṣòwò Main Market kì í fẹ́ kí onílé mọ ọjà òun tán, kí owó ilé má baà gòkè. Kọ̀ǹpútà náà ní àṣírí. Inú wa dùn pé òǹkà nìkan ni balloon ń kó jáde. Ó ń ka ìdì aṣọ, kì í tú ìdì aṣọ. Síbẹ̀, òǹkà pàápàá lè sọ ìgbà tí ènìyàn ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó ń sùn, nítorí náà ó dára kí àlejò mọ̀ pé òun ń jábọ̀.

Àwọn kan lè ní, ṣé kò sí ọ̀nà tí onílé lè fi gba ojú-ewé tó ṣófo padà láìbéèrè? Ó wà. Láti Linux 5.7 ní ọdún 2020, àlejò lè máa sọ ojú-ewé tó ṣófo fún onílé fúnra rẹ̀, wọ́n ń pè é ní free page reporting. Ó ṣèrànwọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n cache kì í ṣe ojú-ewé tó ṣófo. Páálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá wa yóò ṣì wà níbẹ̀, ìròyìn nìkan ló sì lè sọ pé ó fúyẹ́.

Òfin tí a fi lélẹ̀

Láti ìgbà náà, nǹkan mẹ́rin ni a fẹnu kò lé lórí, a sì fi wọ́n tọrẹ fún yín. Èkíní, àlejò tí kò ní balloon kò gbọdọ̀ wọ ilé wa. Ti Linux ti wà nínú kernel rẹ̀. Ẹni tó bá gbé Windows wá ní láti fi driver virtio àti iṣẹ́ balloon rẹ̀ sí i fúnra rẹ̀. Èkejì, a gbọ́dọ̀ dá àsìkò ìjábọ̀. Bí a kò bá dá a, àwọn òǹkà tó wá láti inú àlejò lè má jáde rárá, tàbí kí wọ́n jẹ́ ti àná. Ẹ̀kẹta, a máa ń wo last_update kí a tó wo ohunkóhun. Ìròyìn tó ti pẹ́ kì í ṣe ìròyìn. Àlejò tó dákẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó ṣófo, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn débi pé kò ráyè dáhùn. Ẹ̀kẹrin, a kì í pa àlejò ẹni tí kò sí nílé láìpè é.

Òfin kẹrin yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní in lálẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ì bá má tíì pọn dandan.

Ìdánrawò

1. Àlejò kan ní rss 4000, àlejò mìíràn ní 4000. Kí ló dé tí a kò fi lè sọ pé ìrántí tí wọ́n nílò jọra?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín unused àti usable? Èwo ni ẹ máa wò kí ẹ tó fẹ́ balloon?
3. Swap_out àlejò kan pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò yí padà láti àná. Ṣé ebi ń pa á lónìí?
4. Bí ẹ bá jẹ́ bàbá onílé ìkẹ́rùsí náà, kí ni ẹ máa ṣe sí yàrá tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò jábọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rẹ́ wa tí a pa àlejò rẹ̀ ló ní òun máa máàkì rẹ̀. Ó dìgbà o.